Àtè Tó Yẹ Ara: Ìtàn Ráńpẹ́ lórí Ohun tí a Fi Ń Lẹ Irinṣẹ́ Ìwòsàn Mọ́ Awọ

Àtè tí a fi oje igi ṣe láti mú ẹyẹ, bó bá ṣe lẹ̀ tó ló ṣe dára tó. Ti awọ ara kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí a lẹ̀ mọ́ aláìsàn lára lónìí, a óò ṣí i lọ́la. (A lo “àtè” nínú iṣẹ́ yìí nítorí pé ti ìwé ni gọ́ọ̀mù.)

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 1882, Paul Beiersdorf, apòògùn ní Hamburg, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ilẹ̀ Jámánì lórí pílásítà kan: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ gutta-percha sí, kó lè gbé oògùn dé ojú awọ. Oscar Troplowitz, tí òun náà jẹ́ apòògùn, ra ilé iṣẹ́ náà ní 1890. Pílásítà kan tí wọ́n ṣe lábẹ́ rẹ̀ lẹ̀ pinpin, ṣùgbọ́n ó ń ta awọ, ó ń mú un pọ́n. Kí wọ́n má baà dà á nù, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí a fi ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ tó jò! Ní 1901 ni Leukoplast jáde. Síńkì ọ́ksáìdì tí wọ́n pò mọ́ àtè rẹ̀ ló jẹ́ kí awọ lè gbà á.

Band-Aid tí Earle Dickson ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1920 ni gbogbo ayé mọ̀. Lójú tèmi, 1901 ló jù ú lọ, nítorí pé awọ ni wọ́n rò kí wọ́n tó yan àtè.

Lẹ́yìn rọ́bà, akírílíìkì dé, sílíkóònù tẹ̀lé e. Akírílíìkì máa ń wọ inú àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ojú awọ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń lẹ̀ sí i. Òun ló bá ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà mu, èyí tí alátọ̀gbẹ lè gbé sára fún ọ̀sẹ̀ méjì. Sílíkóònù ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í fa irun tu, ṣùgbọ́n ohun tó wúwo lè já bọ́ lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Awọ rẹ̀ kò tíì gbó. Àtè líle lè bó o bí èèpo. Síbẹ̀, bí ọ̀pá tó fi ń mí bá yọ, ẹ̀mí lè bọ́. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tẹ́ hydrocolloid, tó rọ̀ tó sì ń fà mọ́ awọ, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, á wá lẹ pílásítà tó lágbára mọ́ orí rẹ̀. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ pílásítà, tòkè nìkan ni yóò ṣí. Èyí tó kan awọ á wà níbẹ̀.