Ẹdẹ-Ilé Tọ́ sí Ìwé Ẹ̀rí

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Kasane lórílẹ̀-èdè Botswana, UNESCO kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ mọ́ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ aráyé. Inú Yorùbá dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí bí a ṣe lè pìtàn Ṣàngó dáadáa ká má dárúkọ Tìmì, ẹnu kò sì lè pe Tìmì kó má kan Ẹdẹ, nítorí Tìmì ni oyè ọba ibẹ̀. Èrò mi ni pé bí ìjọba bá fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí buyì fún ìṣẹ̀ṣe ìlú kan, kó má dúró sórí adé àti ọjọ́ ọdún. Kó dé orí ilẹ̀ tí ìlú náà ti ṣẹ̀. Fún Ẹdẹ, ilẹ̀ ọ̀hún ni Ẹdẹ-Ilé.

Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé nígbà Aláàfin Kọrí ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń yọ àwọn tó ń ná ọjà Àpòmù lẹ́nu, ni Ọ̀yọ́ bá rán tafàtafà kan lọ ṣọ́ ọ̀nà. Ẹni náà ni Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná. Nínú eré Ọba Kò So tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963, Ṣàngó fúnra rẹ̀ ló rán Tìmì lọ, òun náà ló sì ní kí Gbọ́nkáà, jagunjagun rẹ̀ mìíràn, lọ mú un wá. Orúkọ ọba tó rán an kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ìtàn méjèèjì gbà pé àṣẹ Ọ̀yọ́ ló gbé Tìmì dé Ẹdẹ. Ibi tí ẹnu ti ń jiyàn yìí ni ilẹ̀ ti jẹ́rìí. Nígbà tí Akínwùmí Ògúndìran, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ inú ilẹ̀, wa Ẹdẹ-Ilé, ó bá egungun ẹṣin àti àwókù ìkòkò tí wọ́n mọ bíi ti Ọ̀yọ́, igi oṣè sì wà lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀dàn ni ilé igi oṣè, kì í ṣe ẹ̀bá igbó bíi ti Ẹdẹ-Ilé. Ẹṣin pẹ̀lú kì í pẹ́ láyé lẹ́bàá igbó, nítorí eṣinṣin tó ń fi àìsàn pa á. Ẹni tó bá ń sìn ín níbẹ̀ ní láti máa rí òmíràn gbà láti òkè. Àwọn ọmọ ogun àti ìjòyè Ọ̀yọ́ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí náà fi hàn pé Ẹdẹ-Ilé ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Tìmì Kúbọ̀lájé Agbọ́nràn kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá síbi tí Ẹdẹ wà lónìí.

Ẹnìkan lè ní bí Ọ̀yọ́ bá rán wọn wá, àlejò ni wọ́n, kí ló wá kàn wọ́n nínú ẹ̀tọ́ onílẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn Ainu wà ní erékùṣù Hokkaido kí ìjọba Japan tó gba ibẹ̀, síbẹ̀ ó di 2008 kí ilé aṣòfin ibẹ̀ tó gbà pé onílẹ̀ ni wọ́n, ó sì di 2019 kí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ẹdẹ kò rí báyẹn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á pọ̀. Ti erékùṣù Trinidad ló sún mọ́ ọn díẹ̀. Ní 1990, ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí àwùjọ Santa Rosa ní Arima gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn onílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti pò mọ́ ti ẹ̀yà mìíràn láti ọdún pípẹ́. Ohun tí wọ́n pa mọ́ ni ìjọba wò. Ẹdẹ náà lè sọ ní gbangba pé Ọ̀yọ́ lòun ti wá, pé ìṣọ́ lòun wá ṣe, kí wọ́n sì buyì fún un lórí òtítọ́ yẹn. Ìwé ẹ̀rí tó bá fi ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà pamọ́ kò ní pé.

Àtakò tó le jù ni ti ẹ̀sìn: pé Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì ló kún Ẹdẹ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ogún Ṣàngó ṣe? Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọba Ẹdẹ fúnra wọn. Mùsùlùmí ni Tìmì Habeeb Lágùnjú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òun ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ Tìmì ni wọ́n ń kí i. John Adétòyèṣe Láoyè, tó jọba láti 1946 di 1975, kì í ṣe adóṣù Ṣàngó, àmọ́ ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Mo ka èyí sí ọlá ńlá. Onígbàgbọ́ tó mọ ohun tí ìlù ń wí kò tíì di abọ̀rìṣà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ní kí wọ́n má fi katakata hú egungun ẹṣin Ẹdẹ-Ilé kò bọ nǹkan kan.

Kò sì yẹ ká ní ìwé lásán ni ìwé ẹ̀rí. Odò Ọ̀ṣun kan náà tó gba Ẹdẹ kọjá ló gba inú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìjọba sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì gbà á sínú àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn olùsìn ló pa á mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ òfin ló fún wọn lágbára láti dá ẹni tó fẹ́ gé igi tàbí gba ilẹ̀ lẹ́kun. Ẹdẹ-Ilé kò ní olùsìn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí òfin fi kàn án ju Òṣogbo lọ. Kí ààfin Tìmì, ìjọba Ọ̀ṣun àti àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè jọ wọn ààlà rẹ̀, kí wọ́n ka àwọn igi oṣè tó kù níbẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ Ẹdẹ-Ilé sínú ìwé òfin kí àwọn tó ń ta ilẹ̀ tó débẹ̀.