Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà: Ọ̀ràn Ìlú Lẹ́nu Àwọn Ará Oko Ìbàdàn

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn dìde sí ọ̀rọ̀ owó orí ní ọdún 1968, iye tí wọ́n ní àwọn yóò san ni ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Owó ẹyọ kò sí lọ́jà mọ́ nígbà náà; pọ́n-ùn àti ṣílè ni tọmọdé tàgbà ń ná. Síbẹ̀, ìṣirò àtijọ́ kò tíì kúrò lẹ́nu ará oko. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n máa ń sín sórí okùn kan láyé àtijọ́, àádọ́ta okùn á di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá á di ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí owó òyìnbó dé, ṣílè márùn-ún ni wọ́n fi díwọ̀n ọ̀kẹ́ kan, orúkọ náà sì dúró. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè, ìyẹn pọ́n-ùn kan àbọ̀. Ohun tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dún ju pọ́n-ùn mẹ́ta lọ.

Owó ni wọ́n dárúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀ ju owó lọ. Ta ló ń yẹ ọ̀nà oko? Ta ló ń gbọ́ ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ iṣu olóko? Ta ló ń kọ́ ilé ìwé, ta ló sì ń mójú tó owó tí gbogbo ayé dá jọ? Láàárín nǹkan bí àádọ́rin ọdún, ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí yí padà léraléra ní àwọn abà tó yí Ìbàdàn ká.

Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Bí ìlú ṣe ń gbòòrò ni agbo ilé kọ̀ọ̀kan ń gba ilẹ̀ oko lẹ́yìn odi, ilẹ̀ náà sì di ti ìdílé. Ọmọ Ìbàdàn wá ní ibi méjì tó ń gbé: ilé wà nígboro lábẹ́ mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé, oko sì wà ní abà lábẹ́ baálẹ̀. Bí ọdún bá dé, tàbí tí òkú bá kú, tàbí tí ìgbéyàwó bá wà, abà á dá páropáro, gbogbo wọn á ti gba ìgboro lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, wọ́n á tún padà sóko.

Ní abà, kò sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú kì í dúró. Baálẹ̀ á dá ọjọ́ tí wọn yóò yẹ ọ̀nà odò àti ọ̀nà tó lọ sí abà kejì. Gbogbo ọkùnrin á gbé àdá àti ọkọ́ jáde, ẹni tí kò bá wá á san owó ìtanràn. Wọ́n á gé igi, wọ́n á fi ṣe afárá sórí odò kékeré. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ẹnì kan, ó ní ètò tirẹ̀: àwọn ọ̀rẹ́ tí oko wọn súnmọ́ra á kó àáró jọ, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, ẹni tó fẹ́ mọ ilé tàbí tí oko rẹ̀ tóbi á bẹ ọ̀wẹ̀, á pèsè oúnjẹ àti ẹmu fún àwọn tó jẹ́ ìpè rẹ̀. Èésú wà fún ẹni tó nílò owó lójú kan. Àlejò tó gba ilẹ̀ dáko á máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá fún onílẹ̀, kó má baà gbàgbé pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ọjà ọrọọrún ni ibi tí abà kan ti ń pàdé èkejì. Yàtọ̀ sí èlùbọ́, iṣu, epo àti aṣọ, ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń kọjá láti ẹnu dé ẹnu. Ẹni tó fẹ́ san gbèsè, ẹni tó ń wá alágbàṣe, ẹni tó fẹ́ tọrọ ìyàwó fún ọmọ, ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń dá. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ìsọ̀, àgbà obìnrin ọjà ló máa ń kọ́kọ́ pa á. Èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ ló ń dé iwájú baálẹ̀, èyí tó bá ju ti baálẹ̀ lọ á wọ ìgboro tọ mọ́gàjí.

Lẹ́yìn náà ni kòkó dé. Láti nǹkan bí ọdún 1890 sókè ni àwọn ará Ìbàdàn ti ń gbìn ín, ọkọ̀ ojú irin sì wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901. Oko tó ń fi oúnjẹ bọ́ ilé di oko tó ń mú owó wọlé. Ibi tí owó bá sì wà, ìjọba kì í jìnnà síbẹ̀.

Ètò tí àwọn òyìnbó mú wá gba ọwọ́ ọba àti àwọn ìjòyè kọjá. Ó fún ọba kan ṣoṣo ní agbára tí kò ní tẹ́lẹ̀, ó dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi tipátipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Kò pẹ́ tí ìyà rẹ̀ fi jáde. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1916, àwọn ará Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí kóòtù ìbílẹ̀ àti sí àwọn tó ń ṣojú fún ètò tuntun náà. Ní ọdún 1918, nígbà tí wọ́n gbé owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ogun Àdùbí bẹ́. Owó ibodè ni ìjọba Ẹ̀gbá ti fi ń gbọ́ bùkátà tẹ́lẹ̀. Pé kí ènìyàn máa san owó nítorí pé orí rẹ̀ wà lọ́rùn jẹ́ ohun àjèjì sí ará oko. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, wọ́n já wáyà, wọ́n sì pa Ọṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Sójà ni ìjọba fi paná rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́.

Owó orí dúró. Ní àwọn abà Ìbàdàn, ojú ìjọba wá di ojú àwọn ènìyàn díẹ̀ tí gbogbo ọmọdé mọ̀. Akódà ń mú ìwé ìpè kóòtù wá. Wọlé-wọlé á yọjú sínú àmù bóyá tanwíjí wà nínú omi, á yẹ ẹ̀yìn ilé wò bóyá igbó ti kún, bí ó bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kóòtù yá. Agbowó orí á dé pẹ̀lú ìwé ńlá tí orúkọ wà nínú rẹ̀. Ní kóòtù ìbílẹ̀, ẹjọ́ gbèsè, ẹjọ́ ààlà oko àti ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tòun ti owó orí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbà padà ló pọ̀ jù. Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 lórí òkè láàárín ìgboro, wá di ibi tí gbogbo àṣẹ wọ̀nyí ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sóko.

Àwọn ará oko kò ká ọwọ́ gbera. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní ọdún 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dì í mú. Wọ́n kó kòkó wọn jọ kí àwọn alágbàtà má baà rẹ́ wọn jẹ, wọ́n sì ń yá ara wọn lówó. Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san, ọmọ Ìbàdàn tó di olórí wọn, ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún báńkì alájẹṣẹ́kù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953. Ohun tí àáró àti èésú ti ń ṣe látayébáyé ló wá ní ìwé àkọsílẹ̀, akọ̀wé àti àpótí owó.

Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ló gba iwájú. Ọkùnrin nìkan kọ́ ló ń san owó orí níbẹ̀. Láti ọdún 1947, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sí ààfin: àwọn aláṣọ, àwọn alátà, àwọn tó ń ru ẹrù oko wá sí ìgboro. Ohun tí wọ́n sọ rọrùn láti lóye: wọn kò ní san owó orí fún ìgbìmọ̀ tí obìnrin kankan kò jókòó nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Ó di ìparí ọdún 1950 kí Aláké tó padà.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1952 ní Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́kọ́ gbé àpótí ìbò dé ọ̀pọ̀ abà. Ará oko lè dìbò yan ẹni tí yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ nítorí wọn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kíní 1955, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó ju 811,000 lọ ní 1955. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló bínú nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bu owó ẹ̀kọ́ lé owó orí, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwé dé ìtòsí oko, tí ọmọ tí ì bá máa lé ẹyẹ lóko ń kàwé sí bàbá rẹ̀ létí, wọ́n rí ibi tí owó náà lọ.

Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọdún 1955 àti ọdún 1968.

Lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù Kíní 1966, wọ́n tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ká, wọ́n sì fi òṣìṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo sórí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí baálẹ̀ lè pè lẹ́jọ́ mọ́ bí ọ̀nà bá bàjẹ́. Iye tí Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó, ń san fún àgbẹ̀ kéré gan-an sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ń wá owó. Wọ́n ń gba owó omi lọ́wọ́ abà tí kò ní ẹ̀rọ omi, wọ́n ń gba owó ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń rì sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú kòkó lórí. Àwọn tó ń fipá gba owó orí á dènà de ènìyàn lójú ọ̀nà oko, ẹni tí kò bá mú ìwé owó orí lọ́wọ́ ti dáràn.

Ní oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ wọ́ tìrítìrí lọ sí Mápó. Ìbọn dún, ẹ̀mí ṣòfò. Ìjà tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú míì nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Ayọ̀ọlá. Àwọn àgbẹ̀ lọ rojọ́ níwájú wọn: owó orí ti pọ̀ jù, ọ̀nà ti bàjẹ́, wọlé-wọlé àti àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ń fìyà jẹ wọ́n, owó kòkó kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba gbà láti ṣe lẹ́yìn ìwádìí náà kò tó ohun tí wọ́n béèrè. Nígbà tí ìgbà owó orí tún dé ní 1969, wàhálà burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní oṣù Keje, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ tí Tàfá Adéoyè ṣáájú fún já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀.

Àgbẹ́kọ̀yà ni orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n: àgbẹ̀ kọ̀, wọn kò jẹ ìyà mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò ara wọn kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ abà. Àṣẹ ń gba ọwọ́ àwọn olórí abà kọjá, ìròyìn ń gba ọjà ọrọọrún lọ, wọ́n ń dá owó jọ bí wọ́n ti ń dá èésú, wọ́n sì ń pe ara wọn jáde bí ìgbà tí baálẹ̀ bá pe iṣẹ́ ọ̀nà.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà fi rójú náà jọ ti abà. Ní oṣù Kẹwàá 1969, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nà ètò ìnáwó fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, wọ oko lọ bá Tàfá Adéoyè ní Àkànrán. Dípò kí wọ́n pe àgbẹ̀ wá sí Mápó, ìjọba ló rìn lọ sí abà. Lẹ́yìn ìjíròrò náà ni owó orí sọ̀ kalẹ̀ sí £2, ìfipágbowó orí sì dáwọ́ dúró. Ó fi ọ̀kẹ́ méjì ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ, àwọn àgbẹ̀ sì gbà á.

Ní ọdún 1976, ètò tuntun sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà káàkiri Nàìjíríà, owó láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá rọ́pò owó orí àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń gbé e ró. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà lónìí. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí owó wọn yẹ kó dé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì parí: ní oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn láì gba ọwọ́ gómìnà.

Ọ̀kan nínú 774 náà ni Ọ̀nà-Àrà. Àkànrán ni olú ìjọba ìbílẹ̀ náà wà. Ọmọ abà tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, baálẹ̀ tó bá fẹ́ kí wọ́n wá wo afárá tó wó, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ, sí ìlú kan náà tí Tàfá Adéoyè ti jókòó de ìjọba ní ọdún 1969.