Òwú Abẹ́òkúta: ọwọ́ ta ló ká a?

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Tí ẹ bá ń gba Ìgbẹ̀ìn kọjá l'Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther fi ṣe ibùdó nígbà tó dé ìlú ní 1846. Ìwàásù nìkan kọ́ ni àwọn ìjọ CMS gbé wá o. Wọ́n gbé òwò òwú náà wá.

2/ Èrò wọn rèé: tí àgbẹ̀ bá rí owó gidi lórí òwú, kí ni wọ́n á tún máa ta ọmọ èèyàn fún? Ọ̀rọ̀ yìí ká Crowther lára. Wọ́n ti kó òun náà lẹ́rú rí, ní Òṣogùn, ní 1821.

3/ Henry Venn, akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, wá Thomas Clegg, oníṣòwò kan ní Manchester, kàn. Clegg ń fi ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú ránṣẹ́, ó sì ń bá wọn ta òwú náà. Wọ́n mú ọ̀dọ́ bíi Henry Robbin, ọmọ Sàró, lọ kọ́ṣẹ́ ní Manchester, kí ọmọ ilẹ̀ wa lè máa darí iṣẹ́ náà.

4/ Ó kọ́kọ́ yọrí! Ní 1856, òwú tó jáde l'Abẹ́òkúta ju ìwọ̀n pọ́n-ùn 11,000 lọ. Ní 1858, ó ti ju 220,000 lọ. Ọdún méjì péré!

5/ Àmọ́ ta ló ń ká a? Ní ọ̀pọ̀ oko Ẹ̀gbá, ẹrú àti ìwọ̀fà ni. Bí ọjà ṣe ń tà lókè òkun, bẹ́ẹ̀ ni olóko ń wá ọwọ́ kún ọwọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ní yóò pa òwò ẹrú ló tún ń dá ẹrú dúró sóko.

6/ Àgbẹ̀ kọ́ ló sì ń dá iye lé òwú. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861–1865) gbé owó ẹ̀ lọ sókè. Ogun parí, owó já wálẹ̀. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ Íńdíà: gbèsè wọ àwọn ará abúlé Deccan lọ́rùn, títí wọ́n fi dáná sun ìwé àwọn olówó-èlé ní 1875.

7/ Nílé, ogun Ìjàyè ti dí ọ̀nà. Ní 1867, ìjà Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba Èkó le débi tí wọ́n fi lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é.

8/ Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣẹ́ ìdàgbàsókè wá sí abúlé yín, ẹ má kàn ka ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá. Ẹ bèèrè: ta ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀? Ta ló ń dá iye lé e? Ta ló ń kówó ẹ̀ lọ sílé?