Mẹ́mòrì Ló Ń Yan Ṣíìpù: Ìtàn Sikirínì Onífọwọ́kàn

Ní ọdún 1965, E. A. Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí rédà ìjọba ní Malvern, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àlàyé jáde lórí sikirínì tí ènìyàn lè fi ìka kàn láti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀ ló ní lọ́kàn. Nígbà tó di ọdún 1976, sikirínì tí Frank Beck àti Bent Stumpe ṣe ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìdarí CERN, ilé ìwádìí físíìsì lẹ́bàá Geneva. Odindi kọ̀ǹpútà ló wà lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yíyan ṣíìpù kékeré kò tíì délẹ̀.

Ó délẹ̀ nígbà tí microcontroller dé, ìyẹn ṣíìpù kan ṣoṣo tó kó ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti mẹ́mòrì pọ̀ sára. Texas Instruments ń ta TMS1000 lọ́dún 1974; Intel gbé 8051 jáde lọ́dún 1980. Akínkanjú ṣíìpù ni 8051, àmọ́ báìtì 128 péré ni mẹ́mòrì tó fi ń ṣiṣẹ́. Sikirínì tó fẹ̀ ní píkísẹ̀lì 320, tó ga ní 240, tí píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 2, á jẹ báìtì 153,600 fún àwòrán ẹyọ kan: mẹ́mòrì 8051 lọ́nà 1,200.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni láti fi mẹ́mòrì àwòrán sínú ṣíìpù tó wà lára sikirínì fúnra rẹ̀, irú ILI9341 tó gbajúmọ̀. Microcontroller á kàn máa fi àwọ̀ ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀dù Arduino Uno ti ọdún 2010, tí mẹ́mòrì rẹ̀ jẹ́ kílóbáìtì 2, ṣe lè ya àwòrán aláwọ̀. Ti ìfọwọ́kàn kò le: awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tó ń gbé iná wà lórí ara wọn, ìka á tẹ̀ wọ́n pọ̀, ṣíìpù á sì wọn fóltéèjì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan fún ìbú, lẹ́ẹ̀kan fún òró. Kíkun ojú sikirínì ló ń jẹ àkókò. Odindi àwòrán kan lórí Uno ń gba ju ìdá 15 nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ojú á sì máa rí i bí ẹni ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ògiri. Fún bọ́tìnì mẹ́rin tí kì í yí padà, ìyẹn tó.

Kò tó mọ́ lẹ́yìn tí iPhone dé lọ́dún 2007, tí àwọn èèyàn ń retí kí àwòrán máa yọ́ tẹ̀lé ìka. Lọ́dún 2013, STMicroelectronics fi ẹ̀yà tó ń darí sikirínì tààrà sínú microcontroller STM32F429, pẹ̀lú mẹ́mòrì kílóbáìtì 256. Àwòrán kan wọ inú rẹ̀, méjì kò wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀, méjì ló yẹ, kí a lè máa ya ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ nígbà tí èkejì wà lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so mẹ́mòrì mẹ́gábáìtì 8 mọ́ ọn lórí bọ́ọ̀dù Discovery rẹ̀.

Ṣíìpù ESP32 tẹ̀lé e lọ́dún 2016, pẹ̀lú mẹ́mòrì kílóbáìtì 520 àti Wi-Fi. Ọdún náà ni Gábor Kiss-Vámosi, ará Hungary, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ LVGL, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń ya sikirínì ní abala-abala. Abala tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá àwòrán báìtì 153,600 yẹn kò ju báìtì 15,360 lọ, àwọn ṣíìpù olówó pọ́ọ́kú sì tún padà di ohun tí ẹnjiníà lè yàn.