Bí Oògùn Éèdì Ṣe Di Ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà

Ọdún 1986 ni a kọ́kọ́ kéde pé àrùn éèdì ti wọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ló ní irọ́ ni. Àwọn tó mọ̀ pé òótọ́ ni náà sì ń fi í bò. Ìdí nìyí tó fi ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera tẹ́lẹ̀ rí, sọ fún àwọn oníròyìn pé àrùn náà ló pa Fẹlá, àbúrò òun.

Oògùn tó ń dá kòkòrò HIV dúró ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n apá òṣìṣẹ́ kò ká owó rẹ̀. Ní ọdún 2002, ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn láti ilẹ̀ Íńdíà fún aláìsàn. Ìpinnu wọn ni kí ó kárí 10,000 àgbàlagbà àti 5,000 ọmọdé. Ìjọba san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, wọ́n ní kí aláìsàn máa san 1,000 náírà lóṣù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà jẹ́ 7,500 náírà. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jọ ní kòkòrò náà, 2,000 náírà ti lọ kí wọ́n tó ra gààrí. Owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn yìí kì í ṣe èyí tí a ń lò lónìí kí a fi í sílẹ̀ lọ́la. Bí ènìyàn bá ń dá a dúró, kòkòrò náà lè borí rẹ̀, oògùn náà kò sì ní ràn án mọ́. Ní ìparí ọdún 2003, oògùn tilẹ̀ tán ní àwọn ibùdó kan.

Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ìjọba fagi lé 1,000 náírà náà, oògùn di ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n oògùn ọ̀fẹ́ kò ní kí wọ́n má lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò níṣẹ́, kí ni yóò jẹ kí ó tó lo oògùn? Òfin ọdún 2014 ló wá kà á léèwọ̀ pé kí agbanisíṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nítorí kòkòrò yìí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà, tó ti ń san ọ̀pọ̀ nínú owó oògùn wa, dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró. Ní oṣù kejì, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí owó láti fi ra oògùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tó bá rántí ìtàn 1,000 náírà yóò mọ̀ pé owó yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.