Gíga Kọ́ Ló Ń Sọ Bọ́ọ̀lù Sápẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1942, akẹ́kọ̀ọ́ kan dé yunifásítì DePaul ní ìlú Chicago, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 10. George Mikan lorúkọ rẹ̀. Awò ojú tó nípọn ló ń lò, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa kọlu ara wọn bó bá ń sáré. Wọ́n ti wò ó fín ní yunifásítì Notre Dame, wọ́n ní kò lè wúlò fún àwọn. Ray Meyer, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ní DePaul, kò sọ fún un pé kó ṣáà máa gbá bọ́ọ̀lù lọ, pé bó pẹ́ bó yá yóò mọ̀ ọ́n. Ó ní kó dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, kó fi ọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù sí i nígbà 250, kó tún fi tòsì jù ú nígbà 250, lójoojúmọ́. Ó ní kó máa fo okùn, kó máa ju ẹ̀ṣẹ́ sófuurufú, ó tún wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa kọ́ ọ níjó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fúyẹ́. Nígbà tó fi máa di 1945, DePaul ti gba ife ẹ̀yẹ NIT, ìdíje àwọn yunifásítì. Láàrin 1949 sí 1954, Mikan àti ẹgbẹ́ Minneapolis Lakers gba ife 5. Bó ṣe ga tó nígbà tí wọ́n lé e náà ló ṣe ga tó nígbà tí wọ́n ń pòkìkí rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yí padà.

Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe eré tó kàn hù lójúde. Olùkọ́ ló dá a sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, James Naismith ní ìlú Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ń wá ohun tí wọn yóò máa fi nara nínú ilé lásìkò òtútù. Ó ní kí wọ́n kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ òkè, ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 10 láti ilẹ̀, ó kọ òfin 13, eré bẹ̀rẹ̀. Ìdí tó fi gbé apẹ̀rẹ̀ sókè ni pé kò fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó lágbára jù ni yóò máa borí. Ẹni tí yóò bá jẹ ayò gbọ́dọ̀ rọra ju bọ́ọ̀lù kó gòkè, kó tó wá sọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ni eré yìí ń béèrè. Ohun tí ìtàn rẹ̀ sì ń tọ́ka sí láti ìgbà náà ni pé gbígbá bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí kíkọ́ bọ́ọ̀lù. Ayò ni ẹni tó ń gbá a ń wá. Àṣìṣe ara rẹ̀ ni ẹni tó ń kọ́ ọ ń wá. Ọmọ tó fi ọdún 10 gbá bọ́ọ̀lù láìsí ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà lè jẹ́ pé àṣìṣe kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọ tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ híhun kì í kọ́kọ́ jókòó sídìí òfì. Òwú ni yóò kọ́kọ́ máa ká, ọ̀gá yóò sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wo ọwọ́ rẹ̀, àlejò ni, kì í ṣe ọmọṣẹ́.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá John Wooden ló mú ọ̀nà ìkọ́ni yìí jinlẹ̀ jù. Ọdún 1948 ló dé yunifásítì UCLA ní Los Angeles. 1964 ló tó gba ife àkọ́kọ́ nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà di 1975, nínú ife 12 tí wọ́n dù, 10 ló gbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìdánrawò lọ́dọọdún, ohun tó kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí òkìkí wọn ti kàn ni bí a ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀: kí wọ́n fà á títí tí kò fi ní kákò níbi ọmọ ìka àti gìgísẹ̀, kí wọ́n tó wá so okùn bàtà le. Ìbọ̀sẹ̀ tó bá kákò yóò bó ẹsẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì bó kò ní lè ṣe ìdánrawò lọ́la. Kó tó dé pápá, ó ti kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí páálí kékeré, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Ní sáà 1974 sí 1975, àwọn olùwádìí méjì, Roland Tharp àti Ronald Gallimore, jókòó ti ìdánrawò rẹ̀ 15, wọ́n sì ka ohun 2,326 tó sọ tàbí tó ṣe láti fi kọ́ni. Bí a bá pín wọn sọ́nà mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ ìtọ́ni gan-an: ohun tí wọn yóò ṣe àti bí wọn yóò ṣe é. Ìyìn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìbáwí náà kò tó o. Ẹnìkan lè ní àwọn òmìrán bíi Kareem Abdul-Jabbar àti Bill Walton ló gba ife fún un. Òótọ́ ni pé wọ́n gbà á fún un. Àmọ́ nínú àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré fún un ní 1964, kò sí èyí tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 5 lọ, wọn kò sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gbogbo sáà náà.

Hakeem Ọlájuwọ́n wá ńkọ́? Ọmọ Èkó ni, 1963 ni wọ́n bí i, ó ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1984, òun ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó ń wọ NBA, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣáájú Michael Jordan. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀bùn àmútọ̀runwá ló ń sọni di olókìkí a máa fi í ṣẹ̀rí. N kò jiyàn pé ẹ̀bùn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan eré yìí, ó ti ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ kó tó dé ìdí apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé yunifásítì Houston ní 1980, kò bá wọn díje ní sáà àkọ́kọ́. Ìdánrawò lọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis ló gbájú mọ́. Lásìkò ìsinmi, ó ń lọ sí gbọ̀ngàn Fonde nílùú náà, ó ń kojú Moses Malone, ọ̀kan nínú àwọn tó le jù ní NBA nígbà náà. Sáà tó kọ́kọ́ díje, àmì 8.3 ló ń jẹ ní ìpíndọ́gba. Ní sáà kẹta, ó ti di 16.8. Ẹ̀bùn kan náà ni lọ́dún méjèèjì. Ó gba ife NBA ní 1994 àti 1995. Ní 2011, LeBron James, tí wọ́n ti dá lọ́lá lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọ nínú sáà, kó bàtà rẹ̀, ó lọ bá Ọlájuwọ́n ní Houston pé kó kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn ti alátakò nídìí apẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba ife àkọ́kọ́ rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn òbí tó ń bẹ̀rù pé ìdánrawò àìsinmi yóò ba egungun ọmọ jẹ́, yóò sì jẹ́ kí eré sú u. Ìbẹ̀rù yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 2016, NBA àti USA Basketball gbé ìlànà jáde pé kí ọmọ má gbájú mọ́ eré yìí nìkan kó tó pé ọdún 14, kó sì máa sinmi fún ó kéré tán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ìlànà náà kò tako ohun tí mo ń sọ. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni Wooden ń lò lóòjọ́. Bí páálí rẹ̀ bá ní ó parí, ó parí. Ìdánrawò tí kò ní ète ló ń gùn, nítorí kò mọ ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣe ìdánrawò ni yóò di Mikan. Ohun tí ìdánrawò lè ṣe ni pé kó jẹ́ ká mọ ibi tí agbára ọmọ mọ gan-an, kí àìkọ́ṣẹ́ má baà pa á mọ́lẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé kò sí pápá, kò sí ohun èlò nílé. Òótọ́ wà níbẹ̀: ní Paris lọ́dún 2024, àwọn obìnrin Nàìjíríà wa, D'Tigress, di ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíńpíìkì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. A nílò pápá, kí ìjọba sì ṣe é. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan àti apẹ̀rẹ̀ kan ni Meyer fi tún Mikan ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa, kí ẹ tó fun fèrè lọ́la, ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tí wọn yóò kọ́ sórí ìwé, kí ẹ sì dúró wo ọwọ́ wọn títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n.