Ọrẹ Oníṣòwò àti Àga Olùkọ́: Alfred Jones àti Ẹ̀kọ́ nípa Ibà ní Liverpool

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òpìtàn kò gbọdọ̀ fi òwe kìn-ín-ní bo èkejì mọ́lẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ ìtàn ipò olùkọ́ kan wò ní ìlú Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ọrẹ ni a fi dá a sílẹ̀. Òwò ilẹ̀ wa sì wà lára ohun tí ó bí owó náà. Ìbéèrè wa ni èyí: kí ni a fi ń mọ ọrẹ tí yóò tọ́jọ́?

Alfred Lewis Jones ni ọlọ́rẹ náà. Ìlú Carmarthen ní ilẹ̀ Wales ni a bí i sí ní 1845. Láti ìgbà èwe ni ó ti wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool. Nígbà tí ó yá, ó di ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ná Freetown, Èkó àti àwọn èbúté mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà. Epo pupa àti èkùrọ́ wà lára ẹrù tí wọ́n ń kó lọ. Òun náà wà lára àwọn tí ó dá Báǹkì British West Africa sílẹ̀ ní 1894, èyí tí ó di First Bank lọ́wọ́ wa.

Ibà ni ọ̀tá òwò yìí. Isà-òkú aláwọ̀ funfun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe etíkun wa. Àwọn ará ilé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ wẹ́wẹ́ ni ó ń pa jù. Ní oṣù kẹjọ 1897, Ronald Ross, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Joseph Chamberlain, mínísítà tí ó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí, ké sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn dókítà nípa àrùn ilẹ̀ olóoru. Ní oṣù kọkànlá 1898, Jones ṣe ìlérí £350 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àrùn ilẹ̀ olóoru ti Liverpool ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. 1899 ni ó ṣí ilẹ̀kùn. A fi Ross ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Owó ọdún rẹ̀ jẹ́ £250.

Iṣẹ́ kò falẹ̀. Kí 1899 tó parí, Ross ti dé Freetown, ó sì fi irú ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri níbẹ̀ hàn. Ní 1900, àwọn mìíràn láti ilé-ẹ̀kọ́ náà wá sí Nàìjíríà. Ní 1902, Ross gba ẹ̀bùn Nobel. Ní Èkó, William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà láti 1899 sí 1904, tí òun náà sì jẹ́ dókítà, fi ìmọ̀ tuntun yìí ṣiṣẹ́: ó ń pín kuníìnì, ó sì ń mú kí a fa omi àbàtà gbẹ. Àwọn kan fẹ́ kí aláwọ̀ funfun ya adúgbò tirẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí ibà; MacGregor kò gbà fún wọn.

Nísinsìnyí, kí ni ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà? Jones kan náà ni aṣojú ìjọba Kóńgò ti Ọba Leopold ní Liverpool, ọkọ̀ rẹ̀ ni ó sì ń ná ibẹ̀. Edmund Dene Morel, akọ̀wé ní Elder Dempster, ṣàkíyèsí pé rọ́bà àti eyín erin ń ti Kóńgò bọ̀ wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì, ṣùgbọ́n ìbọn àti ọta ni ó pọ̀ nínú ohun tí ń padà lọ. Ó mọ̀ pé èyí kì í ṣe òwò, iṣẹ́ àfipáṣe ni. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1901, ó sì ń tú àṣírí náà fáyé gbọ́. Jones kò torí èyí kọ Leopold sílẹ̀. Nítorí náà, a kò lè pe ọlọ́rẹ wa ní ẹni mímọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè sọ pé òtítọ́ tí Ross rí nípa ẹ̀fọn di èké nítorí ẹni tí ó sanwó.

Lójú tiwa, ohun tí ó yẹ kí a wò jù ni bí a ṣe gbé ọrẹ náà kalẹ̀. Àgbàdo ni ìlérí ọdún mẹ́ta: ẹni tí ó gbìn ín ni ó ń jẹ ẹ́, ilẹ̀ a sì tún ṣófo. Bí olùkọ́ bá mọ̀ pé owó òun lè tán ní ọdún kẹta, ojú olówó ni yóò máa wò. Ross pàápàá kò yé ráhùn pé owó tí a ń san fún olùwádìí kéré. Ṣùgbọ́n obì ni àga tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: a kì í ná ojú owó, èlé rẹ̀ ni a ń ná, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Ní 1902, Ross di ọ̀jọ̀gbọ́n, àga tí ń jẹ́ orúkọ Jones sì fìdí múlẹ̀ ní Liverpool. Jones kú ní 1909. Ross kúrò níbẹ̀ ní 1912. Àga kò ṣófo. J. W. W. Stephens ni ó wà lórí rẹ̀ ní 1922 nígbà tí ó ṣe àpèjúwe irú kòkòrò ibà kan tí a ń pè ní Plasmodium ovale. Ọlọ́rẹ ti lo ọdún 13 nínú sàréè kí èso yìí tó so.

Ní ìkádìí, nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé olówó kan fẹ́ dá ipò olùkọ́ sílẹ̀ ní yunifásítì wa, ẹ jẹ́ kí á dúpẹ́, kí á sì bi ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni owó náà ti wá? Ṣé ojú owó ni a fún wa, tàbí ìlérí ọdún díẹ̀? Ta ni yóò yan olùkọ́ náà, ṣé olówó ni tàbí àwọn tí ó mọ iṣẹ́? Ẹni tí ó bá bi ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe aláìmoore. Ẹni tí ó fẹ́ kí oore pẹ́ ni.